Ìkòkò Àgbo Tí Mo Dojú Rẹ̀ Dé

Bàbá mi tó sùn ní Ìfọ́n,

Èmi ni. Èmi kọ́ ló ń fọwọ́ kọ ọ́, ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Rámátù, ọmọ Ràímì, ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. Ó jókòó síwájú mi lórí àpótí, ó gbé pátákó lé itan, ó fi ọwọ́ òsì tí wọ́n fi báńdéèjì dì tẹ ìwé mọ́lẹ̀, ó ń fi ọ̀tún kọ̀wé. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi tún un ṣe. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ pé mo lérò pé àlàáfíà ni ẹ wà, bí tíṣà rẹ̀ ṣe kọ́ wọn. Mo ní kó pa á rẹ́. Ẹ ti lé ní ogún ọdún nínú ilẹ̀. Àlàáfíà wo ni n ó máa béèrè?

Ǹ bá wá sí ojú oórì yín, kí n jókòó ti ògiri yàrá tí a sin yín sí, kí n sọ ọ́ lẹ́nu bí mo ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún ti gbóná láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Àwọn ọkùnrin ilé ọkọ mi ní kí àwa aya tí wọ́n bí ní Ìfọ́n jókòó sílé títí ara yóò fi tutù. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń gbé Ìlobù. Mo bí ọmọ méje síbẹ̀, mo sin mẹ́rin síbẹ̀. Síbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé, ọmọ Ìfọ́n ni mí. Tí mo bá dé Ìfọ́n, ìyàwó Ìlobù ni mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ yìí mú ìwé àti kálámù. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lè dúró di ìgbà tí àwọn ọkùnrin máa parí ìjà wọn. Ọ̀la ni a ó lọ sí Òṣogbo.

Ẹ ò mọ Rámátù. Ẹ ti lọ kí wọ́n tó bí i. Ràímì, àbíkẹ́yìn mi, ló bí i. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ràímì kó ẹrù lọ sí Kùmásì, ó ń tajà níbẹ̀, ó fi ọmọ sílẹ̀ fún mi. Ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́tàlá báyìí. Ó ga, ó dúdú, ó lágídí, etí yín ló sì gbé wáyé, etí tó yọ síta bí ọwọ́ ìkòkò. Ó ń lọ sí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀. Tíṣà ní orí rẹ̀ pé.

Ó ní wárápá.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n bí ẹ̀yin ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yin kì í dárúkọ rẹ̀, ẹ máa ń ní ara Àṣàkẹ́ kò dá. Wárápá ni. Òun ló ṣe Àṣàkẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, òun náà ló ń ṣe ọmọ ọmọ mi. Lẹ́yìn Iléyá èṣí ló kọ́kọ́ gbé e lulẹ̀, mo sì ti mọ̀ ọ́n kí orí rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Gbogbo agbo ilé sá. Ìyá Ráfíù, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ló ṣíwájú wọn, tòun ti bó ṣe sanra tó. Èmi ò sá. Mo kọjú sí ògiri, mo kẹ́yìn sí ọmọ títí ó fi dákẹ́. Bí ẹ ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ẹ ní inú itọ́ wọn ni àìsàn náà wà, pé ẹni tí itọ́ náà bá kàn ti gbà á, pé a kì í sì í wò ó lójú.

Mo gbé ìkòkò yín sílẹ̀. Ìkòkò àgbo yín ni mò ń wí, èyí tó kán lẹ́nu lápá kan, tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ojú yín ò ríran mọ́. Mo se gbogbo ohun tí ẹ máa ń sè fún Àṣàkẹ́: ewé tábà, àlùbọ́sà eléwé, àti ìtọ̀ màlúù tí àwọn Fúlàní ẹ̀yìn oko bù fún mi. Ó mu ún, ó bì í. Ó tún mu ún. Oṣù mẹ́ta gbáko, àìsàn ń wá nígbà tó bá wù ú, ó ń lọ nígbà tó bá wù ú. Iná nìkan ni mi ò fi kún un. Mo ti gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lọ́jọ́ kan o, iná ń jó nínú ààrò. Mo wá rántí àtẹ́lẹsẹ̀ Àṣàkẹ́, mo gbé ẹsẹ̀ náà padà sílẹ̀.

Ṣé ẹ rántí àtẹ́lẹsẹ̀ Àṣàkẹ́, Bàbá? Ẹ ní tí iná bá kàn án, ohun tó gbé e yóò fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń di ẹsẹ̀ náà mú. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, orí ìka ẹsẹ̀ ló ń rìn, bí ẹni tó ń yọ́ wọ oko olóko. Ẹ ò lù ú rí. Mi ò ní parọ́ mọ́ òkú. Tí ìyá wa bá se ẹja, orí ẹja, ti Àṣàkẹ́ ni, ẹ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ bà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ni awo rẹ̀ ń gbé, lábẹ́ òrùlé, kò gbọdọ̀ pàdé awo tiwa. Ẹ ó mú orí ẹja, ẹ ó dúró lókèèrè, ẹ ó jù ú sínú awo náà kí ọwọ́ yín má baà kàn án. Kì í tàsé. Mo ti darúgbó, mi ò tíì mọ èyí tí n ó fi wọ̀n yín, orí ẹja ni àbí jíjù tí ẹ ń jù ú.

Ọmọ yìí ti sùn lórí ìwé. Àbàwọ́n yíǹkì tí ẹ rí níbẹ̀ yẹn, oorun ló fà á. Mo ti fi ọ̀pá tọ́ ọ, ó ti jí. Ó ní òun ò sùn.

Tíṣà rẹ̀ ló mú wa mọ ọ̀nà ọsibítù. Onígbàgbọ́ ni, ọmọdékùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún. Rámátù ṣubú nílé ẹ̀kọ́, gbogbo ọmọ sá jáde láti ojú fèrèsé, òun nìkan ló dúró tì í. Ó gbé e wálé, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi tòun ti ṣòkòtò funfun.

“Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo.”

“Kí ni Òyìnbó mọ̀ nípa wárápá?”

“Ó ń ṣe àwọn náà, Ìyá.”

Ìyẹn ló mú mi lọ. Mi ò gbọ́ ọ rí pé wárápá ń gbé Òyìnbó lulẹ̀.

Dókítà ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọmọ. Ó jókòó, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní ọwọ́ wo ló máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n? Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ẹnu rẹ̀ ńkọ́, apá ibo ló máa ń wọ́ sí? Mo ní mi ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì wò mí.

“Màmá, ṣé ẹ kì í sí níbẹ̀ ni?”

“Mo máa ń wà níbẹ̀.”

“Kí wá lẹ máa ń wò?”

“Ògiri.”

Wọ́n ní kí n lọ sílé, kí n lọ wò ó, kí n padà wá sọ ohun tí mo bá rí. Bàbá, mo wò ó. Mo jókòó tì í, mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àtàǹpàkò òsì ló ń kọ́kọ́ ta, bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà láìsí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Yóò gba àwọn ìka tó kù, yóò gba ọrùn ọwọ́, yóò gun ìgbọ̀nwọ́. Ẹnu yóò wá wọ́ sí òsì. Nígbà míì, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Ọmọ náà ń gbọ́ mi, ó ń wò mí, kò kàn lè dáhùn ni, omi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà míì, ó máa kọjá ibẹ̀, yóò gba gbogbo ara, ìgbà yẹn ló máa gbé e ṣánlẹ̀.

Mo padà lọ sọ ọ́. Dókítà mi orí. Ó ní ibì kan péré nínú ọpọlọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí iná bá ràn ní igun oko kan. Nígbà míì á kú síbẹ̀, nígbà míì á jó gbogbo oko. Ó ní kì í ṣe ànjọ̀nú. Ó ní kì í ran ènìyàn.

Mo ní kí nọ́ọ̀sì tún un sọ.

“Kì í ràn, Màmá.”

“Itọ́ rẹ̀ ńkọ́?”

“Itọ́ lásán ni. Bíi tèmi, bíi tiyín.”

Ẹlòmíràn ì bá yọ̀. Èmi ò yọ̀. N ó sọ ìdí rẹ̀ fún yín tí mo bá débẹ̀.

Wọ́n fún wa ní hóró oògùn funfun kan, irúgbìn ẹ̀fọ́ ni mo kọ́kọ́ pè é, mo ní èyí ò lè lé ẹ̀fọn. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Bàbá, ó mú un. Oṣù méjì, ọmọ ò ṣubú. Àtàǹpàkò rẹ̀ ò tilẹ̀ ta. Ṣùgbọ́n oorun ni ó fi rọ́pò àìsàn náà. Ó ń sùn sórí oúnjẹ, ó ń sùn sórí ìwé, ó ń sùn ní ìdúró bí ẹṣin. Àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ ọ́ ní Ìyá Olóorun. Ẹnu tó fi máa ń bú wọn padà kò sí mọ́, kí ó tó rí èébú tí yóò bú wọn, wọ́n ti lọ. Tíṣà ní ìṣirò tó ń ṣe bí ẹni ń fọ́ ẹ̀pà jẹ, ó ti di iṣẹ́ ńlá fún un. Mo ní ẹni tó ń sùn kò ì kú. Mo fara mọ́ ọn.

Ẹ wá rántí òfin yín. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀ nílé wa. Bí aláìsàn bá ti dìde, kí wọ́n gbé ìkòkò lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n da ìyókù àgbo sídìí igi, kí wọ́n dojú ìkòkò dé. Ẹ ní ìkòkò àgbo tó bá ṣojú sókè nínú ilé tí àìsàn ti jáde, àìsàn náà ló ń dúró dè. Ẹ ní ẹni tó ń lo oògùn nígbà tí kò sí àrùn, àrùn ló ń ránṣẹ́ pè. Òfin yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ méje. Nígbà tí oṣù méjì pé, mo ní Rámátù ti san. Mo gba ìgò oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, mo da hóró tó kù sídìí igi ìyeyè, mo bomi lé e títí ó fi yòrò. Mo gbé ìkòkò yín lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo dojú rẹ̀ dé. Mo pa adìẹ. Mo ní kí Áfà ilé kejì wá ṣe àdúà ọpẹ́ fún wa.

Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ni n ó bi? Ẹ̀yin ni mo mọ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni. Ẹ mọ̀ pé èlùbọ́ ni mò ń ṣe jẹun. Mo gbé ìkòkò ńlá tí mo fi ń bọ iṣu kaná láàárọ̀, omi rẹ̀ ti gbóná, ó ń rú èéfín. Oorun ti dá lójú Rámátù. Ó ń kọrin, ó ń bú ewúrẹ́ Ìyá Ráfíù tó ń jẹ èèpo iṣu, ó bú u dé ìdílé ìyá rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní kó bá mi fi igi ro iṣu inú ìkòkò. Èmi ń bó èyí tó kù lọ́wọ́. Mo gbójú sókè, mo rí àtàǹpàkò òsì rẹ̀ tó ń ta.

Kí n tó dìde, apá ti wọ inú omi dé ìgbọ̀nwọ́. Àìsàn náà mú un gan síbẹ̀. Ó fi àyà ti ẹnu ìkòkò, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, apá náà ò sì jáde.

Ìyá Ráfíù ń ké láti ẹnu ọ̀nà: “Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ìyá Ràímì, ó ti ń yọ ìfófòó lẹ́nu! Ẹ má fọwọ́ kàn án o!”

Mo fọwọ́ kàn án. Mo gbá a mọ́ra, mo fà á jáde, omi gbígbóná dà sí mi láyà, ìfófòó rẹ̀ kún mi lọ́rùn. Mo fi etí ìró mi nu ẹnu rẹ̀. Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Inú mọ́tò tó ń kó èlùbọ́ lọ sí Òṣogbo ló ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà, orí rẹ̀ wà lórí itan mi, àwọn èrò yòókù sún jọ sí igun kan bí àgùntàn. Awọ apá òsì rẹ̀ ń bọ́ bí èèpo iṣu tó ti jinná.

Nọ́ọ̀sì kan náà ló gbà wá.

“Màmá, ta ló ní kí ẹ dá oògùn dúró?”

“Ara rẹ̀ ti yá.”

“Oògùn ló jẹ́ kó yá.”

“Ó ti yá ná. Kí ló tún kù tí oògùn fẹ́ ṣe?”

“Màmá, tí òjò bá dá, ṣé ẹ máa ń ṣí páànù orí ilé yín dànù?”

Ó ní oògùn yẹn kì í lé àìsàn náà lọ, ńṣe ló ń so ó mọ́lẹ̀, ẹni tó bá sì já okùn rẹ̀ lójijì yóò rí ìbínú rẹ̀. Bóyá wọ́n ti sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo rò pé wọ́n sọ ọ́. Òfin yín ló wà létí mi, kò sí àyè fún òmíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò níbẹ̀. Ìka méjì lára ọwọ́ náà kò ní nà mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó ní òun mọ̀.

Àìsàn náà kò tíì padà sílé rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Hóró kan láàárọ̀, kan lálẹ́, kò ká a mọ́. Ìyẹn ni dókítà fi gbé ọ̀nà méjì kalẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n fi kún hóró funfun náà títí àìsàn yóò fi dákẹ́. Yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n oorun tí ẹ rí yìí, àwàdà ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń bọ̀. Kí a gbàgbé ilé-ìwé. Ọ̀nà kejì, oògùn mìíràn wà, kì í kun ènìyàn lóorun bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń bá irú èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ kan jà dáadáa. Ṣùgbọ́n èrìgì rẹ̀ lè wú títí yóò fi fẹ́ bo eyín, irun sì lè hù sí i lágbọ̀n bí ọkùnrin. Dókítà ní òun ò lè búra pé yóò mú un. Ó ní èyíkéyìí tí a bá mú, ọ̀pọ̀ ọdún ni, kò sí ọjọ́ tí a ó fò. Ó ní kí a lọ rò ó. Ọ̀la ni n ó tẹ ìka sí ìwé, torí bàbá ọmọ kò sí nílé. A kọ̀wé sí Ràímì ní Kùmásì. Ó fèsì pé ohun tí Ìyá bá ṣe ni òun fara mọ́. Ọkùnrin nìyẹn.

Ìyá Ráfíù gbọ́. Kí ni kì í gbọ́? Ó wá kí wa ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó jókòó sí ìta, kí ọmọ má baà mí sí i.

“Ìyá Ràímì, ọmọbìnrin tó ní irùngbọ̀n? Ta ni yóò fẹ́ ẹ? Òbúkọ?”

Rámátù dá a lóhùn láti inú yàrá: “Òbúkọ yín ńkọ́, Ìyá Ráfíù? Ṣé kò tíì láya ni?”

Mo bú u, torí a kì í dá àgbà lóhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rẹ́rìn-ín kí n tó bú u, Ìyá Ráfíù sì rí mi. Síbẹ̀, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ ẹ? Pẹ̀lú wárápá, pẹ̀lú ọwọ́ tó jóná, pẹ̀lú irùngbọ̀n? Èmi ò ní pẹ́ wá bá yín. Ta ni n ó fi í lé lọ́wọ́? Ẹ̀yin ì bá mú èwo, Bàbá? Ẹ máa ń mọ ohun tí ẹ ó ṣe, ẹ kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti dé ibi tí mo ní n ó dé.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Àṣàkẹ́ ti tó Rámátù yìí, èmi kéré sí i. Ẹ rán wa lọ pọnmi. Odò ti fà, omi rẹ̀ kò bo kókósẹ̀. Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti fi igbá bu omi, ó ṣubú síwájú, ojú rẹ̀ wọnú omi. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà pé mo ti ṣíwájú, pé ìgbà tí mo padà wá a ni mo bá a bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Mo dúró lórí òkúta, tí mo bá na ọwọ́, ó máa tó o. Ọwọ́ kan ì bá tó láti yí ojú rẹ̀ sókè. Mo rí ìfófòó lórí omi, ó ń ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò kí ó má baà kàn mí. Mo kọjú sí igbó bí ẹ ṣe kọ́ wa. Mo dúró títí mi ò fi gbọ́ ariwo omi mọ́. Mo wá gòkè odò díẹ̀, níbi tí itọ́ rẹ̀ ò dé, mo pọn omi mi kún, torí ẹ ní ká pọnmi wálé.

Ẹ mu nínú omi náà.

Ẹ sin ín kí oòrùn tó wọ̀, ẹ fọ́ awo rẹ̀. Ẹ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìbànújẹ́ ni, Bàbá, àbí ìtura? Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé itọ́ lásán ni, ohun tí etí mi gbọ́ ni pé lásán ni Àṣàkẹ́ kú.

Rámátù ti dá kálámù dúró. Mo ní kó máa kọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan ná.

“Ìyá, ọwọ́ wo ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n yín?”

Mo ní mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi bá ẹ̀gbọ́n mi gbé, orí ẹní kan náà la ń sùn kí àìsàn náà tó dé, mi ò mọ ọwọ́ tó máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó rí. Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá, tí ẹ máa ń di ẹsẹ̀ mú? Ṣé ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Mo ti wá ṣe ohun tí ẹ̀yin ò ṣe fún Àṣàkẹ́ rí. Mo bi ọmọ léèrè. Mo ní, “Ìwọ, èwo lo fẹ́?”

“Oorun ni mi ò fẹ́, Ìyá. Tí mo bá sùn báyẹn, bí ẹni pé mo ti kú ni, ẹ sì kàn ń bọ́ mi.”

“Irùngbọ̀n ńkọ́?”

“N ó máa fá a. Abẹ Bàbá Ráfíù mú.”

“Bí kò bá mú àìsàn náà ńkọ́? Bí o bá tún ṣubú?”

Ó wo apá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ ó máa wò mí.”

Kì í ṣe ìbéèrè ló fi ṣe.

Nítorí náà oògùn kejì la ó mú. Bí kò bá mú un, ẹ̀bi mi ni, mi ò ní gbé e fún dókítà, mi ò ní gbé e fún yín. Nọ́ọ̀sì ní kí ó máa run orín dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́, ìyẹn lè dín wíwú èrìgì kù. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń run orín àtá ní ìdájí, ẹ ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò ní dá ọba pàápàá lóhùn títí ẹ ó fi tu ú. Eyín yín pé nígbà tí a ń sin yín. Èyí ni n ó kọ́ ọ nínú ohun tí mo gbà lọ́wọ́ yín. Mo ti gé orín náà, ó wà lókè àjà.

Ìkòkò yín ńkọ́? Mi ò fọ́ ọ. Mo gbé e wọlé láti ẹ̀yìnkùlé lánàá, mo fọ̀ ọ́ títí òórùn tábà fi kúrò, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹní mi, ojú rẹ̀ wà lókè. Inú rẹ̀ ni oògùn yóò máa gbé. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé, kò sẹ́ni tí yóò dojú rẹ̀ dé, ara ọmọ yá o, ara ọmọ ò yá o. Mo ti sọ fún Rámátù pé tí mo bá kú, òun náà kò gbọdọ̀ dojú rẹ̀ dé. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Ẹ bá mi sọ fún Àṣàkẹ́ pé mo ti jẹ́wọ́. Mi ò ní kó dárí jì mí. Kó kàn gbọ́ ni.

Oòrùn ti ń wọ̀, oorun tún ti ń kun ọmọ yìí. Ó ti fi yíǹkì kun àtàǹpàkò mi kí n tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Ti òsì ni mo ní kó kùn.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó ṣẹ́kù.